Èsì: 1.5.0 ni àbí 2.0.0?

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí ẹ máa fún ẹ̀dà tuntun software yín, nígbà tí ẹ ti yí orúkọ function kan (apá kóòdù tí a ń fi orúkọ pè kó ṣiṣẹ́) padà. 2.0.0 ni. Function tí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà lẹ́yìn ẹ̀dà 1.4.2 yẹn, kóòdù ẹni tó bá ń pe orúkọ àtijọ́ á dẹnu kọlẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, tó kúrò ní 1 bọ́ sí 2, ló gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún un.

Ìyẹn tó bá jẹ́ pé ẹ ti ṣí function náà sílẹ̀ fún aráyé o. Tó bá jẹ́ ti abẹ́lé, tí kóòdù tiyín nìkan ń pè, 1.4.3 ti tó.

Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní kánjú: kí orúkọ méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ ní 1.5.0, kí ti àtijọ́ máa kìlọ̀ fún ẹni tó bá pè é, kí ẹ wá yọ ọ́ ní 2.0.0. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú CHANGELOG, fáìlì tí a ń kọ àwọn àyípadà ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sí.

Ẹ má wo nọ́ńbà ti Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà: 24.04 wọn, oṣù kẹrin ọdún 2024 ló ń tọ́ka sí.