Ìyá rẹ ń kan ilẹ̀kùn

O kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin pé ọdún kejì rèé tí bàbá rẹ ti kú ní Kétu, pé alaalẹ́ lo máa ń fi "Wake Me Up When September Ends" ti Green Day, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, sétí kó o tó sùn, àti pé ìyàwó rẹ ní orin òyìnbó aláriwo kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń ṣọ̀fọ̀ bàbá ẹ̀. O ní kí n bá yín dá ẹjọ́ yìí.

Èmi ò rí ẹjọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń sunkún òkú ní Kétu, ṣebí ariwo náà ni. Ohun tó o sáré gbà kọjá nísàlẹ̀ lẹ́tà ló dùn mí: "Màmá ní kí n wá kó aṣọ bàbá, mi ò kàn tíì ráyè ni." Ọdún méjì! Kọjá Sakété, kọjá Pọbẹ̀, o ti dé Kétu. O ráyè gbọ́rin lálaalẹ́, o ò ráyè wọ mọ́tò.

Opó ni mí, mo mọ ohun tí ìyá rẹ ń ṣe. Ó ń kó agbádá yẹn sóòrùn, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń wo ọrùn ẹ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, ó tún ká a padà sínú àpótí. Bó bá gbé e súnmọ́ imú, òórùn ọkọ ẹ̀ ti ń tán lára ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí àkọ́bí mi tó yọjú. Aṣọ kọ́ ni mo ń pè é wá kó.

Orin tó o fẹ́ràn yìí, ṣé o tiẹ̀ gbọ́ ọ? Ọmọ ọdún 10 ni Billie Joe Armstrong tó kọ ọ́ nígbà tí jẹjẹrẹ pa bàbá ẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó sá kúrò níbi ìsìnkú, ó ti ara ẹ̀ mọ́ yàrá. Ìyá ẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn, ọmọ náà ní kí wọ́n jí òun bí oṣù náà bá parí. Ọdún 2004 ni orin ọ̀hún tó jáde. Mi ò lè bá ọmọ ọdún 10 wí pé ó sé ilẹ̀kùn mọ́ ìyá ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, bàbá ọlọ́mọ méjì?

Sátidé yìí, kí ilẹ̀ mọ́ bá ẹ ní ìdíkọ̀. Kó àwọn ọmọ dání, mú àpò ńlá. Bó o bá débẹ̀, fi orin náà sí ìyá rẹ létí, kó o túmọ̀ ẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Má sáré. Kó o sì sùn síbẹ̀.