Màmá Àgbà Nìkan Kọ́ Ni Àgbà Nínú Ilé Rẹ

Ìyá kan láti Ìbàdàn kọ̀wé pé ìyá ọkọ òun bínú lọ. Màmá ti Ìsẹ́yìn dé, ọmọkùnrin ilé, ọmọ ọdún 10, kò kúrò lórí àga. Ó tẹjú mọ́ fóònù, ó ní "Màmá, ẹ káàbọ̀," ó tán. Ìyá rẹ̀ wá ń bèèrè bóyá kí òun fi pàṣán kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀ ni, àbí kí òun gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò mi, gbé pàṣán sílẹ̀ ná. Ìlà kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí o sáré kọjá: "Bó ṣe wù ú ló ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nílé, ó tiẹ̀ ju bàtà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ eré ọmọdé nìyẹn."

Eré ọmọdé bí i ti báwo? O ní ọmọ ọdún 13 ni ọmọbìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n ọmọ rẹ ni! "Ẹ" ló yẹ kó máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ká ní ìwọ lo bí i ni, ṣé wàá wò ó níran kí àbúrò rẹ̀ máa ju bàtà mọ́ ọn?

Mo ka lẹ́tà yẹn dé ìsàlẹ̀. Mo rí orúkọ ajá yín níbẹ̀. Ti ọmọbìnrin yìí, "ọmọ yẹn" ni látòkè délẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta lo rò pé ọmọ rẹ ti kọ́ ọ?

Irú lẹ́tà báyìí ti sú mi. A ti sọ ọ̀wọ̀ di nǹkan tí à ń fún ẹni tó lè bínú. Ìyá ọkọ rẹ lè bínú padà sí Ìsẹ́yìn. Ibo ni ọmọbìnrin yẹn fẹ́ bínú lọ? Ọmọ rẹ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́n jù ẹ́ lọ níbi yẹn.

Kí ni ọmọ ọdún 13 tiẹ̀ ń wá nídìí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 máa ṣe é nílé ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 sì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ ka ìwé dé JSS3. O sọ iléèwé tí ọmọ tìrẹ ń lọ fún mi. Tòun ńkọ́?

Lálẹ́ òní, pe àwọn méjèèjì. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ bẹ ọmọbìnrin náà, kí ọmọ rẹ rí i, kóun náà wá bẹ̀ ẹ́ nítorí bàtà. Láti ọ̀la lọ, kó máa fọ abọ́ tó bá fi jẹun fúnra rẹ̀, kó sì máa pe ọmọbìnrin náà ní Àǹtí.

Ní ti ìdọ̀bálẹ̀, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin tó bá ń rí i tí bàbá rẹ̀ ń na gbọọrọ fún màmá, kò nílò pàṣán. Níbo ni ọ̀gá wà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wọlé? O kò kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà.

Fóònù? Gbà á jàre. Ìyẹn tún di ohun tí à ń kọ lẹ́tà lé lórí?