Ta ló se ọbẹ̀ náà? Bí a ṣe ń yẹ kóòṣì ọ́fẹ́ǹsì wò kí a tó gbà á

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: àyè kóòṣì ọ́fẹ́ǹsì, ẹni tó ń darí àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú láti gba póòǹtì, ṣí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì kan lọ́hùn-ún, ẹni mẹ́ta ló sì kù nínú àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Ọ̀kan ń pe play (òun ló ń yan ohun tí ọ́fẹ́ǹsì máa ṣe ní ìgbà kọ̀ọ̀kan) ní yunifásítì kékeré, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gba póòǹtì 38 wọlé ní eré kan. Èkejì ń kọ́ àwọn quarterback, àwọn tó ń darí ọ́fẹ́ǹsì lórí pápá tí wọ́n sì ń ju bọ́ọ̀lù, ní NFL, líìgì àwọn tó ń fi eré yìí ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹ̀kẹta ti wà nílé tẹ́lẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn receiver, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù. Ta ni kí wọ́n mú?

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lórúkọ, ẹ jókòó ti olórí kóòṣì, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: quarterback tí ẹ máa lò ní sáà tó ń bọ̀, iye àwọn ará ìlà iwájú (àwọn tó ń dáàbò bo quarterback) tó ń padà bọ̀, iye ọdún tí ẹ lè fi ní sùúrù, àti bóyá olórí kóòṣì ti ṣetán láti fi ìpè play sílẹ̀ pátápátá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí olórí kóòṣì bá ní òun ti gbé e sílẹ̀, tó tún wá ń gba ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ní down kẹta (ìkẹta nínú ìgbìyànjú mẹ́rin tí ọ́fẹ́ǹsì ní láti rìn yáàdì 10) láti yí play padà, kò sí ẹni tí ẹ máa gbà tí iṣẹ́ ò ní bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Kó sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa pe play fúnra rẹ̀, olùkọ́ ló nílò, kò nílò olùpè, owó tí ẹ máa san fún àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba.

Ká wá mú póòǹtì 38 yẹn. Iye póòǹtì ní eré kan ni gbogbo wọn máa ń kọ síwájú ìwé ẹ̀rí, òun náà ló ń tan èèyàn jù. Ẹ yọ gbogbo touchdown (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé dé ibi ìgbáwọlé) tí dìfẹ́ǹsì, àwọn tó ń dí ọ́fẹ́ǹsì ẹgbẹ́ kejì lọ́nà, gbà wọlé kúrò, ẹ yọ ti punt àti kickoff, bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ kejì fi ẹsẹ̀ gbá sọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n gbé sá padà. Ọ̀rọ̀ yunifásítì Iowa fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 2023, wọ́n tún àdéhùn Brian Ferentz, kóòṣì ọ́fẹ́ǹsì wọn, kọ. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún wálẹ̀ láti $900,000 sí $850,000, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ náà gba póòǹtì 25 ní ìpíndọ́gba eré kan, kí wọ́n sì borí lẹ́ẹ̀meje. Ṣùgbọ́n wọ́n ka póòǹtì tí dìfẹ́ǹsì àti àwọn tó ń dá bọ́ọ̀lù padà bá gbà mọ́ ọn! Nígbà tí wọ́n fi 26 borí Michigan State lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Cooper DeJean ló gbé punt sá 70 yáàdì wọlé. Bí ẹ bá yọ 7 yẹn, 19 ló kù. Iowa borí eré mẹ́wàá ní sáà náà, síbẹ̀ 15.4 ni ìpíndọ́gba póòǹtì wọn. Kí sáà tó parí ni wọ́n ti kéde pé Ferentz ò ní padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá ka iye eré tí wọ́n borí nìkan á rò pé ọ́fẹ́ǹsì náà dáa, bẹ́ẹ̀ dìfẹ́ǹsì ló pọ̀n wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín póòǹtì tó kù sí iye drive, ìyẹn iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọ́fẹ́ǹsì títí tó fi kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ tó ń kánjú, tó ń ní drive 14 ní eré kan, tó sì gba 35, póòǹtì 2.5 ló ń rí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó rọra ń ṣe, tó ní drive 10, tó gba 30, 3 ló ń rí. Ẹni kejì yìí ló dáa jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ ni ìwé ìròyìn ń yìn. Ẹ má sì fi ọdún 2022 wé 2023 ní tààràtà: láti 2023 ni aago ò ti dúró mọ́ lẹ́yìn first down (nígbà tí ọ́fẹ́ǹsì bá ti rìn yáàdì tí wọ́n nílò, tí ìgbìyànjú mẹ́rin míì bẹ̀rẹ̀), àfi ní ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ póòǹtì tí wọ́n gbà nígbà tí eré ti bọ́, tí ẹgbẹ́ kejì ti kó àwọn ọmọ kékeré wọlé.

Ẹ wá ka iye play tó ṣàṣeyọrí. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí down kìíní mú ìdajì yáàdì tí wọ́n nílò wá, kí ìkejì mú ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ìkẹta àti ìkẹrin mú gbogbo rẹ̀. Èyí ló ń fi ẹni tó ń gba yáàdì 60 lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń dákẹ́ fún drive márùn-ún, hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń rìn lọ láìdúró. Láàárín yáàdì 20 sí ibi ìgbáwọlé, touchdown ni kí ẹ kà. Ẹ má ka field goal, póòǹtì tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá wọlé, mọ́ ọn.

Ìdẹkùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀ràn ń kó sí. Nínú ìṣirò yunifásítì, orí bọ́ọ̀lù sísá ni wọ́n ti ń yọ yáàdì tí sack (nígbà tí wọ́n bá mú quarterback lulẹ̀ kó tó ju bọ́ọ̀lù) bá gbà lọ. Ní NFL, orí jíjù ni. Ká ní ìwé sọ pé ẹgbẹ́ kan sá ní ẹ̀ẹ̀40, wọ́n rí 150 yáàdì: 3.75 ni ìkọ̀ọ̀kan, ẹnu á máa kùn. Ṣùgbọ́n tí márùn-ún nínú 40 yẹn bá jẹ́ sack tó gba yáàdì 35, ẹ̀ẹ̀35 ni wọ́n sá ní tòótọ́, 185 yáàdì ni wọ́n rí, ó sì lé ní 5 ní ìkọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ń sá kò níṣòro. Ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo quarterback ni wàhálà wà. Bí ẹ ò bá yọ ọ́, ẹ máa bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè tí kò kàn án, ẹ ò sì ní bi í ní èyí tó kàn án.

Ìṣirò tó mọ́ náà ò sọ ta ló se ọbẹ̀. Ẹ wo LSU, yunifásítì Louisiana State. Ní 2018 wọ́n gba 32.4 ní ìpíndọ́gba. Ní 2019 ó di 48.4, wọ́n borí gbogbo eré 15, Joe Burrow, quarterback wọn, ju touchdown 60. Joe Brady, tó wá láti ọ̀dọ̀ New Orleans Saints ní NFL gẹ́gẹ́ bí alábòójútó bọ́ọ̀lù jíjù, ló gba ẹ̀bùn Broyles, èyí tí wọ́n ń fún igbákejì kóòṣì tó dáa jù lọ́dún. Ṣùgbọ́n Steve Ensminger ni kóòṣì ọ́fẹ́ǹsì lórí ìwé. Burrow náà wà níbẹ̀, àwọn receiver bíi Ja'Marr Chase àti Justin Jefferson wà níbẹ̀, ìlà iwájú wọn sì gba ẹ̀bùn Joe Moore, èyí tí wọ́n ń fún ìlà iwájú tó dáa jù. Ní 2020 Brady ti lọ, Burrow àti Jefferson ti lọ, Chase kò gbá, Ensminger ṣì wà: eré márùn-ún ni wọ́n borí nínú mẹ́wàá. Èmi ò ní sọ pé Brady nìkan ni, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní sọ pé kì í ṣe òun. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ bi olúkúlùkù: ta ló ń kọ ètò down kẹta lọ́jọ́ Tuesday? Ta ló ń yan ìdáàbòbò? Ohùn ta ló ń dún létí quarterback? Kí ẹ sì bi ẹnì kejì tó bá a ṣiṣẹ́ ní ìbéèrè kan náà. Níbi tí ìdáhùn méjèèjì ò ti bára mu, ibẹ̀ ni kí ẹ ti walẹ̀.

Ẹ má wo fídíò tí òun fúnra rẹ̀ gé wá. Ẹ gba eré mẹ́rin lódindi, èyí tí wọ́n yà láti òkè lẹ́yìn ibi ìgbáwọlé: ọ̀kan tí wọ́n lù wọ́n nínú rẹ̀ gan-an, ọ̀kan tí quarterback kejì ló gbá a, ọ̀kan tó le títí dé ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, ọ̀kan lòdì sí kóòṣì dìfẹ́ǹsì tó ti bá a pàdé lọ́dún tó kọjá. Ọ̀pọ̀ olùpè play máa ń kọ play bíi 15 àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà drive àkọ́kọ́ kò sọ púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ mú bírò. Bí wọ́n bá sá inside zone, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù sá gba àárín, tí ọmọ dìfẹ́ǹsì tó wà ní etí já wọlé láti ẹ̀yìn tó sì mú un, kí ni play tó tẹ̀ lé e? Ẹni tó mọ iṣẹ́ á ti ní èyí tó máa jẹ ọmọ náà níyà, kí quarterback di bọ́ọ̀lù mú kó gba etí tó ṣófo yẹn lọ. Ẹni tí ò mọ̀ á sá lọ sápá kejì, á máa gbàdúrà.

Ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀rọ̀ ẹnu ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ẹ fún un ní pátákó àti máàkà. Down kẹta, yáàdì 7, bọ́ọ̀lù wà lápá òsì, ọmọ dìfẹ́ǹsì mẹ́rin wà ní ìlà, linebacker méjì, àwọn ọmọ dìfẹ́ǹsì tó máa ń dúró lẹ́yìn ìlà wọn, sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ center, ẹni àárín ìlà iwájú tó ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí quarterback, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ ní kó ya ìdáàbòbò rẹ̀. Ìlà iwájú ní ẹni márùn-ún, running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sá, ṣe ìkẹfà, nítorí náà ẹni mẹ́fà ni wọ́n lè dá dúró. Ó dáa. Ẹ wá fi ẹni keje kún un láti ẹ̀yìn, kí ẹ bi í pé ta ló ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò dí, ta ló máa mọ̀ ọ́n kí snap (ìgbà tí center bá fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́) tó wáyé, receiver wo ni bọ́ọ̀lù máa lọ bá, ìṣísẹ̀ mélòó. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ já geere. Nígbà tó bá parí, ẹ nu pátákó náà, kí ẹ pe ọmọ tó kéré jù nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ yín, ẹni tí ẹ ti mú jókòó síbẹ̀ láìsọ fún un, kó dìde kó kọ́ gbogbo yàrá ní nǹkan kan náà. Bí ọmọ yẹn bá lè ṣe é, olùkọ́ lẹ rí. Bí ó bá ń wojú ọkùnrin náà, bó ti wù kí ìmọ̀ rẹ̀ jìn tó, ọmọ ọdún 18 ò ní lè lò ó lọ́jọ́ Saturday. Èmi fi ìdánwò yìí ṣíwájú gbogbo ìyókù.

Ẹni tó ń bọ̀ láti NFL nílò ìbéèrè tirẹ̀. Ilẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Àmì tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sí ní àárín pápá jìnnà síra ní ẹsẹ̀ 40 ní yunifásítì. Ní NFL, ẹsẹ̀ 18 ààbọ̀ ni. Pápá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ 160, nítorí náà bí bọ́ọ̀lù bá wà lórí àmì kan ní yunifásítì, ẹsẹ̀ 60 ló kù lápá kan, 100 lápá kejì. Jíjù kan tó rọrùn ní NFL lè gba ẹ̀mí ọmọ ilé ìwé tó bá ju ú sí apá gígùn yẹn. Àwọn ará ìlà iwájú lè rìn dé yáàdì 3 síwájú kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ quarterback. Ní NFL, yáàdì 1 ni, ìyẹn ló mú kí play tí quarterback ti ń yàn láàárín sísá àti jíjù gbilẹ̀ ní yunifásítì. Àkókò náà kò tó: wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí sáà bá ń lọ, ó sì ní òfin. Láti 2024 wọ́n lè sọ̀rọ̀ sí àṣíborí ọmọ kan, ṣùgbọ́n ó ń kú nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí aago tó ń ka àkókò kí play tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó fi ìwé play rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì ní kó fa ìdajì rẹ̀ ya. Bí kò bá lè sọ èyí tó máa jù nù, kò tíì ronú lórí ibi tó ń bọ̀.

Ẹ wo bóyá ó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ wọ́n ohun tó wà nílé. Jay Ajayi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní London, gbé bọ́ọ̀lù sá 1,823 yáàdì fún yunifásítì Boise State ní 2014, ó sì tún gba bọ́ọ̀lù jíjù 50. Running back ló jẹ́, wọ́n sì rí i pé bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lò ó. Ẹ ka orúkọ àwọn ọmọ yín fún ẹni tí ẹ fẹ́ gbà, kó sọ ohun tó máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe.

Lórí àwọn mẹ́ta yín, bí póòǹtì ẹni àkọ́kọ́ bá dúró lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́ mọ́, òun ni mo máa kọ́kọ́ pè. Pípe play jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ṣíṣe é ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Yunifásítì Oklahoma mú Lincoln Riley láti East Carolina ní 2015 láti jẹ́ kóòṣì ọ́fẹ́ǹsì wọn, ọmọ ọdún 31 ni. Wọ́n kúrò ní 8-5 (eré mẹ́jọ tí wọ́n borí, márùn-ún tí wọ́n pàdánù) sí 11-2. (Òótọ́ ni pé quarterback Baker Mayfield ti jókòó dè é níbẹ̀.) Ẹni tó wà nílé, ẹ fún un ní pátákó kan náà àti àkókò kan náà. Ẹ má fi àánú gbà á, ẹ má sì fi ojú àtijọ́ wò ó. Ẹ sì yára: fèrèsé tí àwọn ọmọ fi ń kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn kì í pẹ́ tì. Ní 2026, January 2 ló ṣí, January 16 ló sì tì. Quarterback tí kò bá mọ ẹni tó máa kọ́ òun kò ní dúró dè yín.

Ìpè tó kẹ́yìn, ẹ má pe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ pe center tó gbá fún un lọ́dún méjì sẹ́yìn, tó ti jáde ilé ìwé, tí kò ní ohun tó ń bẹ̀rù mọ́. Ẹ bi í nípa ọjọ́ Monday lẹ́yìn eré tó burú jù tí wọ́n pàdánù: fídíò wo ni kóòṣì kọ́kọ́ gbé sí ojú ògiri? Bí ó bá dárúkọ àṣìṣe ọmọ kan, ẹ béèrè sí i. Bí ó bá ní play tí kóòṣì fúnra rẹ̀ pè tí kò dáa ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, tó sì sọ ìdí tó fi pè é, ẹ kọ àdéhùn náà kí ilẹ̀ tó ṣú.