Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Yára Ló Kù fún Ẹni Tó Ń Kọ Ìròyìn Ohun Tí Kò Tíì Jáde?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìkéré-Èkìtì ni mo ń gbé. Ó ti tó ọdún kan àti ààbọ̀ tí mo ti ń kọ ìròyìn sórí búlọ́ọ̀gù kékeré kan nípa géèmù, fóònù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kò tíì jáde. Mo máa ń ṣàìsùn nítorí rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ti òkè òkun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé e, àwọn tó ń kà mí kò sì ju ogójì lọ lójúmọ́. Mo ń tọ́jú owó láti ra Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti ojú ọ̀run wá, kí n lè máa yára. Ẹnì kan sì fẹ́ gba 60,000 náírà lọ́wọ́ mi kí ó lè máa fi àwòrán àwọn nǹkan tí ilé-iṣẹ́ kò tíì fi han ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà? Bákan náà, Google ló ń gbé ìpolówó sórí búlọ́ọ̀gù mi, ṣùgbọ́n lẹ́tà PIN tí wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ pé òótọ́ ni àdírẹ́sì mi kí wọ́n tó san owó ìpolówó náà, kò tíì dé láti oṣù mẹ́ta. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ra èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó kéré tán kì í ṣe nítorí ìdí tí o kọ sínú lẹ́tà rẹ. Láàárín oṣù méjì, lẹ́tà mẹ́rin irú èyí ló ti dé ọ̀dọ̀ mi, láti Ìlawẹ̀ títí dé Ìkọ̀lé, gbogbo àwọn tó kọ wọ́n ló sì gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń falẹ̀ ló fi àwọn sẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe àtúnkà iṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀rọ ìgbàlódé ní Adó-Èkìtì, n kò sì tíì rí ẹyọ ẹnì kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe irú ìjàǹbá yìí fún. Eré tí o ń sá, àwọn tí o ń bá díje ti parí rẹ̀ kí o tó wọ bàtà.

Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá fẹ́ gbé fóònù, ọkọ̀ tàbí géèmù jáde, ó máa ń pe àwọn oníròyìn mélòó kan ṣáájú, yóò fi nǹkan náà lé wọn lọ́wọ́ tàbí kí ó fi gbogbo àlàyé rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, yóò sì bá wọn ṣe àdéhùn pé wọn kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun títí di ọjọ́ àti wákàtí kan pàtó. Àdéhùn yìí ni wọ́n ń pè ní embargo. Oníròyìn tó bá gbà á lè lo fóònù náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ó fi ya àwòrán lọ́sàn-án àti lóru, kí ó wo iye wákàtí tí bátìrì rẹ̀ ń lò, kí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kí olóòtú sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni yóò wá jókòó ti ọ̀rọ̀ tó ti jinná títí wákàtí yóò fi pé.

Wo ìpàdé tí Apple máa ń ṣe lóṣù Kẹsàn-án láti fi fóònù tuntun hàn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní Kalifóníà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Ìwọ tí o jókòó ní Ìkéré ní aago mẹ́fà yẹn, ìgbà náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ nǹkan náà, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì ti gbé àlàyé kíkún àti àwòrán rẹ̀ síta fún gbogbo ayé kí o tó tẹ gbólóhùn kejì. Nígbà tó bá di ọjọ́ mélòó kan sí i, àyẹ̀wò àwọn tó ti lo fóònù náà yóò jáde, gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú kan náà, nítorí pé embargo kan náà ló tú gbogbo wọn sílẹ̀. Starlink lè gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta padà fún ọ. Kò lè gba ọ̀sẹ̀ kan padà. Kò sí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wa iṣu lóko ṣe lè ṣáájú ẹni tí iyán ti wà nínú àwo rẹ̀ láti jẹun.

N kò sọ pé Starlink kò dára. Ó ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, mo sì mọ àwọn kan lójú ọ̀nà Ìwòròkó tí wọ́n ń fi í ṣe fídíò lójoojúmọ́, ó sì ń wúlò fún wọn. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí kò gùn ju ojú-ewé kan àti ààbọ̀ lọ, pẹ̀lú àwòrán méjì, dátà orí fóònù rẹ tó o.

Ti ẹni tó fẹ́ gba 60,000 náírà ló bí mi nínú jù. Rò ó wò. Àwòrán ohun tí ilé-iṣẹ́ kò tíì fi hàn, bí ó bá jẹ́ òótọ́, wọ́n jí i ni, tàbí kí òṣìṣẹ́ kan ti da àdéhùn tó bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe. Ẹni tí irú rẹ̀ bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í wá oníbàárà kiri ní Ìkéré. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, nǹkan bí 90 fídíò láti inú géèmù Grand Theft Auto VI tú síta lẹ́yìn tí ẹnì kan jalè wọ inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Rockstar tó ń ṣe é. Òótọ́ ni àwọn fídíò náà, ilé-iṣẹ́ náà sì jẹ́wọ́ pé tàwọn ni. Ṣé ẹnikẹ́ni nílò láti rà wọ́n? Rárá. Láàárín wákàtí díẹ̀, gbogbo ayé ti rí wọn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó ni géèmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí wọ́n yọ wọ́n kúrò níbi gbogbo tí wọ́n bá ti rí wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe é sì dé iwájú ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ kò kọjá ọ̀kan nínú méjì: yálà ohun tí gbogbo ènìyàn ti rí lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí.

Ìkejì yìí ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn ayàwòrán kan wà tí wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà ya bí wọ́n ṣe rò pé fóònù tàbí ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀ yóò ṣe rí. Concept ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn máa ń kọ orúkọ ara wọn sí igun àwòrán náà. Ọwọ́ ẹni tó gé igun náà kúrò ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ti kó sí i rí. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde, ti fóònù kan tí gíláàsì rẹ̀ ká a láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo sì fi àkọlé gàdàgbà sí i pé yóò dé lóṣù tó ń bọ̀. Ká ní mo fẹ àwòrán náà lójú dáadáa ni, ǹ bá ti rí i pé igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kò pé, àti pé òjìji fóònù náà ṣubú sápá òsì nígbà tí ti ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣubú sápá ọ̀tún. N kò wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, màmá kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìyìn wá bá mi pẹ̀lú ìròyìn mi tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé. Oníṣòwò kan ló fi ìwé náà hàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tó sì gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ wọn lórí fóònù tí kò sí láyé. Màmá náà kò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, “Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, àbí?” Owó wọn kò padà tán títí di òní.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọwọ́ tó le mú ọ̀rọ̀ náà “ń bọ̀”. Ohun tí ilé-iṣẹ́ pàápàá fi ẹnu ara rẹ̀ kéde lè má dé. Apple fi AirPower, pẹpẹ tí ó ní yóò máa gba iná sí fóònù, aago àti gbohùngbohùn etí lẹ́ẹ̀kan náà, han gbogbo ayé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019 ó ní òun kò ṣe é mọ́. Ọdún 2017 náà ni Tesla fi Roadster tuntun hàn tí ó sì ní ọdún 2020 ni yóò jáde, ọdún 2020 sì kọjá láìsí ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sún ọjọ́ géèmù Cyberpunk 2077 síwájú nínú ọdún 2020 nìkan kí ó tó jáde ní oṣù Kejìlá. Grand Theft Auto VI tí mo dárúkọ lókè, ọdún 2025 ni wọ́n kọ́kọ́ ní yóò jáde, wọ́n sún un sí 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2026, wọ́n tún sún un sí 19 oṣù Kọkànlá ọdún náà. Bí o bá ń kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sínú ìlà àkọ́kọ́. Bí o kò bá mọ ẹni tó sọ ọ́, àhesọ ni. Pè é ní àhesọ, tàbí kí o fi í sílẹ̀.

Kí ni kí o wá máa kọ? Ohun tí ẹni tó wà ní Kalifóníà kò ní mọ̀ láti béèrè. Nígbà tí iPhone 14 jáde ní ọdún 2022, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú síìmù rárá. eSIM nìkan ló ń lò, ìyẹn síìmù tí kò ṣeé fọwọ́ mú, tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fi kóòdù gbé wọ inú fóònù. Èyí tí wọ́n ń tà nílùú Ọba ṣì ní ojú síìmù tirẹ̀. Lójú àwọn oníròyìn òkè òkun, ọ̀rọ̀ ìlà méjì nìyẹn. Ní Adó, níbi tí ó jẹ́ pé tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ń rà, tí ti Amẹ́ríkà àti ti ìlú Ọba sì lè wà nínú gíláàsì ìsọ̀ kan náà, odindi àròkọ ni, ẹni tó bá sì kọ ọ́ dáadáa, wọn yóò máa kà á fún ọdún mẹ́ta.

Ọkọ̀ oníná náà ń kọ́? Ìròyìn yóò sọ fún ọ pé bátìrì rẹ̀ gba kilowatt-wákàtí 60. Túmọ̀ rẹ̀: yúnìtì 60 ni, yúnìtì kan náà tí mítà ilé wa ń kà. Ihò iná ara ògiri, bí a bá ń fa ámpíà 10 nínú rẹ̀ ní fóltì 230, kò lè fúnni ju yúnìtì 2.3 lọ ní wákàtí kan, nítorí náà yóò gba wákàtí 26 kí bátìrì tó ṣófo tó kún, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ní àdúgbò tí iná ti ń wá fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ó ju ọjọ́ márùn-ún lọ nìyẹn. Má sì gbàgbé láti kọ bí abẹ́ ọkọ̀ náà ṣe ga sílẹ̀ tó. Ẹni tó ti gba ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ lẹ́yìn òjò mọ ìdí rẹ̀. Géèmù tí ìwọ̀n rẹ̀ tó gigabyte 100, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì megabit 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí 22 ni yóò fi wọlé bí kò bá já rárá, kí a tó sọ owó dátà. Ìṣirò lásán ni gbogbo èyí, síbẹ̀ wọn kò ní bá ọ ṣe é ní òkè òkun.

Ní ti àwòrán, èyí tí ilé-iṣẹ́ gbé síta fún àwọn oníròyìn ni kí o máa lò, kí o sì kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sábẹ́ rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, fàyè gba lílò tó tọ́ fún ìròyìn àti àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n n kì í ṣe agbẹjọ́rò, ohun tó sì “tọ́” lójú rẹ lè má tọ́ lójú adájọ́. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí ọ pé kí o yọ nǹkan kúrò, yọ ọ́ kúrò ná, kí o tó wá ìmọ̀ràn.

Ó ku ti PIN. Tètè mójú tó o, nítorí pé bí oṣù mẹ́rin bá pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣe PIN àkọ́kọ́ tí o kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ wọlé, ìpolówó kò ní máa hàn lórí ojú-ewé rẹ mọ́. Lọ ka ìlànà wọn fúnra rẹ lónìí, torí pé ó lè yí padà. Nígbà tí owó rẹ bá pé dọ́là 10 ni wọ́n ń fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, dọ́là 100 ni yóò sì pé kí wọ́n tó san ohunkóhun. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àkáǹtì tó ti gba PIN fún ọ, nítorí pé àkáǹtì náà kò ṣeé gbé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, má sì tẹ ìpolówó ara rẹ láé. Mo fura pé àdírẹ́sì tí o kọ ni kò jẹ́ kí lẹ́tà náà dé. Àdírẹ́sì bíi “Ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, Ìkéré” kò tó. Bẹ ilé-ìwé tàbí ẹnì kan tó ní àpótí lẹ́tà pé kí wọ́n jẹ́ kí o lo nọ́ńbà tiwọn, tún àdírẹ́sì náà kọ, kí o sì béèrè fún PIN mìíràn. Kí o tó ṣe ìyẹn, lọ bi wọ́n ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kí o sì ṣàlàyé ohun tí o ń wá fún wọn: kì í ṣe àpòòwé ńlá, ìwé funfun pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ká ni, tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ìwé ìpolówó ni, kí ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.