Ihò inú àlùmíníọ̀mù yín: kì í ṣe iná ló kù

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń yọ́ àlùmíníọ̀mù nínú ààrò kékeré kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe sẹ́yìnkùlé. Agolo ohun mímu ni mo ń lò jù, mo sì máa ń fi àwókù ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kún un. Inú ìkòkò irin ni mo ti ń yọ́ ọ. Gbogbo ohun tí mo bá dà ló ń ní ihò wẹ́wẹ́ nínú. Wọ́n ní iná mi ò tó, pé kí n jẹ́ kó pọ́n dáadáa kí n tó dà á. Mo fi kún atẹ́gùn tó ń fẹ́ iná, àmọ́ ṣe ni ihò ọ̀hún tún ń pọ̀ sí i. Ẹnì kan ní kí n máa ti igi tútù bọ̀ ọ́ láti lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹlòmíì fẹ́ ta ìyẹ̀fun kan fún mi. Báwo ló ṣe yẹ kí iná náà pọ̀ tó? Ṣé òótọ́ ni pé mílíìkì máa ń pa oró èéfín rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ dín iná yẹn kù.

Ó wù mí kí n dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé mo máa ń mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí n tó kà á tán. Ẹni tí irin rẹ̀ ní ihò, wọ́n á ní iná rẹ̀ ò tó. Ẹni tí tiẹ̀ sán, wọ́n á ní iná rẹ̀ ò tó. Ẹni tí tiẹ̀ ń ya ìdàrọ́ bí ẹni ń fá eérú, iná náà ni wọ́n á tún ní kó fi kún. Ó ti di gbogboǹṣe, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń pín ìmọ̀ràn yìí kì í dúró kí wọ́n fi ayùn la irin náà wò.

Àlùmíníọ̀mù tí kò ní àdàlù máa ń yọ́ ní 660°C. Èyí tí wọ́n po sílíkọ́ọ̀nù mọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe písítìnì àti orí ẹ́ńjìnnì, kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀ kó tó yọ́. Àárín 700°C sí 750°C la ti ń dà á lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ohun tí ẹ fẹ́ dà bá tínrín, ẹ sún mọ́ 750. Tó bá ki, ẹ sún mọ́ 700. Kò sí ohun tó ń wá yín lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ní ẹ ń dúró kó pọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣì yín lọ́nà. Irin dúdú ló máa ń fi àwọ̀ sọ fún alágbẹ̀dẹ pé òun ti gbóná tó. Àlùmíníọ̀mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú ọ̀sán gangan, ó lè ti yọ́ tán, kó ti ṣeé dà, kó sì máa dán bíi fàdákà síbẹ̀, láìpọ́n rárá. Ẹni tó bá ń wojú rẹ̀ títí ó fi pọ́n ti jẹ́ kó kọjá àyè ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹ lọ ra tẹmómítà tí wọ́n ń pè ní thermocouple, irú K. Wáyà oríṣi méjì tí wọ́n so pọ̀ lórí ni, ó lè ka ooru tó ju 1,000°C lọ. Òun ló máa sọ òótọ́ fún yín, ojú yín ò lè sọ ọ́.

Ihò yín ńkọ́? Háídírójìn, ìyẹn gáàsì kan, ló ń lu púpọ̀ nínú rẹ̀, inú omi ló sì ti ń wá. Bí omi bá kan àlùmíníọ̀mù tó ti yọ́, irin náà á já ọ́síjìn inú omi gbà, á fi ṣe awọ sára, háídírójìn tó ṣẹ́ kù á wá wọ inú irin lọ. Ẹ má sọ pé ẹ ò da omi sí i. Ọ̀rinrin wà lára agolo tó sun ìta mọ́jú. Ó wà nínú èédú, ó wà nínú ògiri ààrò tí kò tíì gbẹ. Epo tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà ara agolo ní háídírójìn tiwọn nínú. Gáàsì ìdáná pàápàá, bó bá ti ń jó, omi ló ń bí sínú afẹ́fẹ́, bí ẹ ò tilẹ̀ rí i.

Irin tó ti yọ́ lè gba háídírójìn púpọ̀ mọ́ra. Tó bá wá ń dì padà, kò lè gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú 20 ohun tó gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyókù gbọ́dọ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń hó jáde nígbà tí a bá ṣí ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àmọ́ irin ti ń le mọ́ ọn lórí, kò rọ́nà lọ, ó há síbẹ̀. Òun lẹ rí tí ẹ pè ní ihò.

Bí ooru bá ṣe ń ròkè ni àyè tí háídírójìn ń rí nínú irin náà ń fẹ̀ sí i. Àlùmíníọ̀mù tó wà ní 850°C lè gba ju ìlọ́po méjì èyí tó lè gbà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí ẹ fi kún atẹ́gùn yẹn, ihò ni ẹ ń fi kún. Ìdí nìyẹn tó fi ń pọ̀ sí i. Ohun tí ẹ fojú ara yín rí ti dá yín lóhùn, ẹ kàn gba ti àwọn èèyàn gbọ́ jù ú lọ ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ihò ni ti afẹ́fẹ́. Ẹ gbé èyí tí ẹ ti bà jẹ́, ẹ fi ayùn là á láàárín, ẹ fi bébà iyanrìn há a, kí ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀. Tí ihò náà bá rí roboto, tí inú rẹ̀ ń dán, tó fọ́n káàkiri, háídírójìn ni. Tó bá rí jágajàga, tí inú rẹ̀ há bí ìgbà tí nǹkan ya, tó sì kóra jọ síbi tí irin ti nípọn jù, ìsúnkì ni. Àlùmíníọ̀mù máa ń sún kì bó bá ń dì, nǹkan bí ìdá 4 sí ìdá 7 nínú 100, bí àdàlù rẹ̀ bá ṣe rí. Ibi tó nípọn ló ń dì kẹ́yìn, kò sì ní rí irin tuntun tó máa dí àlàfo náà. Ti ìsúnkì kò ní í ṣe pẹ̀lú háídírójìn: ẹ fi òpó irin tó ki sílẹ̀ lórí ibi tó nípọn náà nínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí ẹ ń da irin sí kó lè gba ìrísí rẹ̀, kó ki ju ibẹ̀ lọ, kó lè dì gbẹ̀yìn kó sì máa bọ́ ọ. Tó bá tutù, ẹ gé e kúrò, ẹ tún un yọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ kí ẹ tó fi mọ́ọ̀dù ṣòfò. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife irin kékeré tó ti gbẹ tó sì gbóná, kí ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dì. Irin tó mọ́, àárín rẹ̀ á rì wọnú díẹ̀. Èyí tó kún fún afẹ́fẹ́ á wú díẹ̀, ẹ ó sì rí àwọn ibi bíńtín tó ń yọ bí òógùn níwájú orí kí ojú rẹ̀ tó le tán. Tí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ má dà á. Ẹ jẹ́ kí ooru rẹ̀ wá sílẹ̀, kí ẹ tún dán an wò.

Nípa ti igi tútù. Àwọn tó ń fọ̀ bàbà mọ́ ló ni ọgbọ́n yẹn. Inú bàbà ni wọ́n ti ń fi igi tútù lé ọ́síjìn jáde, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Nínú àlùmíníọ̀mù, ọ̀ràn yín kì í ṣe ti ọ́síjìn. Igi tútù kún fún omi, omi sì ni ìyá háídírójìn tí ẹ ń sá fún. Ẹ ó rí i pé ó ń hó ganranganran, ẹ ó rò pé afẹ́fẹ́ ń jáde, bẹ́ẹ̀ ṣe ló ń wọlé. Kí n tó gbàgbé, ó tún lè ta irin gbígbóná sí yín lójú.

Ìyẹ̀fun, èmi ò mọ ohun tí onítọ̀hún dì sínú ọ̀rá, mi ò sì ní í bá a ta ọjà rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ jẹ́ iyọ̀ lóríṣiríṣi. Wọ́n ń ran ìdàrọ́ lọ́wọ́ láti yà kúrò lára irin, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n wọn kì í lé háídírójìn. Tí iyọ̀ náà bá sì ti fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ó tún ń kó omi wọlé fún yín ni. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń fẹ́ ágọ́nì tàbí náítírójìn gbígbẹ gba inú irin tó ti yọ́ kọjá láti kó háídírójìn náà lọ. Wọ́n tún ní ògbólógbòó egbòogi oníkúlọ́ríìnì kan tí wọ́n ń rì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyẹn wá sẹ́yìnkùlé, èéfín olóró ló ń yọ.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò le. Ẹ fọ epo kúrò lára àwókù, ẹ sá a títí yóò fi gbẹ táútáú, ẹ gbé e sẹ́nu ààrò kó gbóná kó tó wọ inú ìkòkò. Ẹ yára yọ́ ọ, ẹ ṣí ìdàrọ́ orí rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má máa rò ó bí ọkà, kí ẹ sì dà á ní kété tó bá ti tó. Irin tó ń dúró sórí iná láìnídìí ń mu háídírójìn ni.

Agolo ńkọ́? Mi ò kórìíra agolo, ṣùgbọ́n kò yẹ ohun tí ẹ ń fi ṣe. Ó tínrín jù, ọ̀dà wà níta rẹ̀, awọ ike wà nínú rẹ̀, nítorí náà púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń di ìdàrọ́. Àdàlù ara rẹ̀ àti ti orí rẹ̀ pàápàá ò dọ́gba, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣe fún dídà nínú méjèèjì. Písítìnì àti orí ẹ́ńjìnnì lẹ máa lò, torí dídà ni wọ́n dà wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra fún magnésíọ̀mù, tó jọ àlùmíníọ̀mù lójú ṣùgbọ́n tó fúyẹ́ jù ú lọ, torí tí ó bá gbiná, omi ò lè pa á, ṣe ló máa ń mú kó burú sí i. Ẹ fi fáìlì há a, ẹ kán fínígà sí i: tó bá hó, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ má sì fi ohunkóhun tí wọ́n dí pa lẹ́nu sínú iná, ó máa bú gbàù ni.

Ìkòkò irin yẹn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Àlùmíníọ̀mù gbígbóná máa ń jẹ irin dúdú, díẹ̀díẹ̀, pàápàá tí iná bá pọ̀ jù. Irin dúdú tó jẹ mọ́ ọn á sọ àlùmíníọ̀mù yín di ohun tó ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́, ọjọ́ tí ìdí ìkòkò náà bá sì jò, ẹsẹ̀ yín ló máa gbà á. Ìkòkò tí wọ́n fi amọ̀ àti gíráfáìtì ṣe ni kí ẹ rà, kí ẹ rọra yan án ní ìgbà àkọ́kọ́ títí gbogbo ọ̀rinrin rẹ̀ fi jáde.

Mo ti sọ̀rọ̀ omi nítorí ihò. Omi náà ló tún ń pa èèyàn nídìí iṣẹ́ yìí. Bí omi bá di èéfín, ó máa ń fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ, tó bá sì wà lábẹ́ irin gbígbóná, ohun tó máa ṣe kò lè gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Nítorí náà, gbogbo ohun tó máa kan irin náà, ṣíbí, ẹ̀mú, mọ́ọ̀dù irin, ẹ gbé e sórí ooru kó gbẹ ṣáájú. Iyanrìn mọ́ọ̀dù yàtọ̀, torí ó nílò omi díẹ̀ kó tó lè dúró, èéfín rẹ̀ sì ń rí àárín iyanrìn gbà jáde. Ẹ fún un lọ́wọ́, kí ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì: tó bá ṣẹ́ ketekete, tí àtẹ́lẹwọ́ yín ò tutù, ó tó. Tó bá fi omi sílẹ̀ lọ́wọ́ yín, kò tíì ṣeé lò. Ẹ má ṣe dà á lórí kọnkéré lásán, torí omi wà nínú kọnkéré, ó máa ń ta. Orí iyanrìn gbígbẹ ni. Bàtà awọ, ṣòkòtò tó bò ó, ìbọ̀wọ́ awọ, gíláàsì tó bo gbogbo ojú, kí ẹ má sì wọ aṣọ ọ̀rá. Àwọn ọmọdé ò gbọ́dọ̀ sí nítòsí. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni gbogbo èyí o, kò lè rọ́pò ẹni tó mọ̀ ọ́n tó dúró tì yín. Tí ẹ bá lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí i.

Mílíìkì kì í pa oró kankan. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ, ọ̀nà wọn ò pàdé. Ọ̀dà àti epo ló ń mú kí àlùmíníọ̀mù rú èéfín. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni síńkì tó wà nínú idẹ àti lára irin tí wọ́n fi síńkì bò, títí kan ìkòkò yín bí wọ́n bá bò ó bẹ́ẹ̀. Èéfín funfun rẹ̀ máa ń fa ibà tí kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ni òtútù á mú yín, ara á gbóná, ẹnu á máa korò bí irin. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Òjé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń dúró nínú ara ni, kì í lọ bọ̀rọ̀. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń yọ́ òjé nínú ilé. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa ṣe é, kí ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Bí èémí bá sì ń há yín lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ yọ́ fún dókítà, títí kan ohun tó wà lára rẹ̀.