Omi táńkì ẹja mi di aláwọ̀ ewé, mo pààrọ̀ rẹ̀ títí, kò lọ

Ìbéèrè: Táńkì ẹja mi gba lítà 100, ewéko sì wà nínú rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí omi rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé, tó fi jẹ́ pé mi ò rí ẹja tó bá wà lẹ́yìn mọ́. Mo ń pààrọ̀ ìdajì omi náà lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, mo sì ń fọ fóòmù fílítà lábẹ́ omi ẹ̀rọ, síbẹ̀ ó ń padà. Wákàtí 12 ni iná fi ń wà lórí rẹ̀ lójúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ni kí n dà sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì da oògùn kankan sí i. Ẹ bu omi náà sínú ife gíláàsì, kí ẹ gbé e sórí bébà funfun. Bí omi inú ife bá mọ́ gaara, ara táńkì ni álíjì (ohun aláwọ̀ ewé kéékèèké tó ń hù nínú omi) lẹ̀ mọ́, ẹ kàn máa ha á kúrò ni. Bí ó bá funfun bàìbàì, bakitéríà ló pọ̀ nínú omi. Táńkì tuntun ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá dín oúnjẹ ẹja kù. Bí ó bá pọ́n bíi tíì, igi tó wà nínú táńkì ló ń tú àwọ̀ sílẹ̀. Ìyẹn kì í pa ẹja lára. Èédú tí wọ́n ṣe fún fílítà máa gbà á kúrò.

Ṣùgbọ́n bí omi inú ife ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé, bí mo ṣe rò pé tiyín rí nìyẹn, álíjì tó ń léfòó nínú omi ni. Ó kéré débi pé fóòmù fílítà kò lè dá a dúró. Bí ẹ bá pààrọ̀ ìdajì omi, ìdajì tó kù á tún bí sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, torí ohun tó ń bọ́ ọ kò tíì kúrò.

Ohun méjì ló ń bọ́ ọ: iná tó pọ̀ jù àti amóníà, ìyẹn májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ ẹja àti ohun tó jẹrà jáde. Fóòmù tí ẹ ń fọ̀ lábẹ́ omi ẹ̀rọ ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí jù lọ. Inú fóòmù yẹn ni bakitéríà tó ń sọ amóníà di nitrate, èyí tí kò léwu tó o tí ewéko sì ń jẹ, ń gbé. Chlorine, kẹ́míkà apakòkòrò tí wọ́n ń fi sínú omi ẹ̀rọ, ń pa wọ́n, amóníà á wá pọ̀ sí i, ẹja á jìyà, álíjì á sì rí oúnjẹ. Láti ìsinsìnyí lọ, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí ẹ bù láti inú táńkì ni kí ẹ ti máa fọ̀ ọ́, kí ẹ kàn fi ọwọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni òkùnkùn. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, kí ẹ ti fi oògùn apa-chlorine sí omi tuntun náà, kí ẹ sì pa iná. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo táńkì yíká fún ọjọ́ 3 sí 4, kí ìmọ́lẹ̀ má ráyè wọlé rárá. Ẹ jẹ́ kí fílítà máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru: nínú òkùnkùn, ewéko náà ń mí afẹ́fẹ́ inú omi ni, álíjì tó ń kú tó sì ń jẹrà náà ń lò ó. Bí ẹ bá ń fi CO2 (gáàsì tí wọ́n fi ń bọ́ ewéko) sí omi, ẹ tì í pa. Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ lásìkò náà: ẹja tó dàgbà tí ara rẹ̀ le kò ní kú bí kò bá jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i, ẹ tún pààrọ̀ ìdajì omi lójú ẹsẹ̀, torí òkú álíjì ń tú amóníà sílẹ̀.

Bí agbára owó bá wà, iná UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, tó ń pa álíjì) tí omi fílítà ń gba inú rẹ̀ kọjá máa ń mú omi mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láìbo táńkì. Álíjì tó lẹ̀ mọ́ ewé tàbí òkúta ni kò lè pa. Ní ti oògùn apa-álíjì, èyí tó ní bàbà nínú máa pa edé àti ìgbín, òkú álíjì tó bá sì jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà lè gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi táímà sí iná: wákàtí 6 fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó máa sún un sókè díẹ̀díẹ̀ dé 8. Kí oòrùn má ta sí táńkì tààrà. Oúnjẹ tí ẹja lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 2 ni kí ẹ máa fún wọn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi ewéko tó ń yára dàgbà kún un. Ojúoró dára gan-an, ó ń fa oúnjẹ inú omi, ó sì ń ṣíji bo ìsàlẹ̀, àmọ́ ẹ máa yọ ọ́ dín kù kó má bo gbogbo ojú omi.

Àwọn kan máa ń dá ajílẹ̀ ewéko dúró pátápátá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ewéko tí ebi ń pa kò lè bá álíjì du oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí nitrate wà láàárín miligíráàmù 10 sí 20 nínú lítà kan.

Bí ó bá tún padà, ẹ yẹ amóníà wò. Bí ó bá ju 0 lọ, ẹ wá òkú ẹja tàbí ewé jíjẹrà lábẹ́ òkúta, kí ẹ sì ka iye ẹja yín: ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pọ̀ ju ohun tí lítà 100 lè gbà.