Ṣé Ẹni Tó Ń Tẹ̀lé Olórin Fújì Láti Ìlú Dé Ìlú Lè Dín Ìrun Kù?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum, Àfáà wa. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn olórin fújì kan dénú. Bí ó bá ti ń káàkiri lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, a ó háyà bọ́ọ̀sì, a ó sì tẹ̀lé e láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Nítorí pé orí ìrìn la wà, ràkáà méjì-méjì la ń kí Àìlà, Àlàsárì àti Ìṣáì. Ọ̀kan nínú wa wá ní kò tọ́, pé mẹ́rin-mẹ́rin ló yẹ ká kí. Àwọn yòókù ní àdádáálẹ̀ ló ń ṣe, torí Ànábì kì í kí i pé lórí ìrìn. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ tú ẹgbẹ́ ká. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salaam. Ẹni tó ní kí ẹ kí i pé ló jàre. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún orúkọ tí ẹ pè é.

Ọ̀nà Ìmáàmù Maalik ni àwọn àfáà wa fi kọ́ wa, òun náà ni mo fi ń dáhùn. Nínú Mukhtasar, ìwé òfin ìjọsìn ní ọ̀nà Maalik, Khaliil tó kọ ọ́ ka àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ pé kí onírìn-àjò tó dín ìrun kù: ìrìn náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹ̀ṣẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti eré, ó sì gbọdọ̀ tó burudu mẹ́rin, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 80, ní àlọ nìkan, láìka àbọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin di kìlómítà mú, ẹ fo méjì tó ṣáájú rẹ̀.

Èkó sí Ìbàdàn ju kìlómítà 80 lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tó gbé yín kúrò nílé ló yẹ ká yẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé fújì kì í ṣe haraamu, pé láti inú wéré tí wọ́n fi ń jí aláàwẹ̀ sí sààrì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú un jáde. Òótọ́ ni ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n kò kan iye ràkáà yín. Bí agbo náà bá jẹ́ ibi tí ọtí ti ń ṣàn, tí ọkùnrin àti obìnrin tí kì í ṣe tọkọtaya ń jó mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń fi ìyìn tó tọ́ sí Ọlọ́hun nìkan ki olówó, ìrìn ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ dín ìrun kù níbẹ̀. Bí ẹ bá ní rárá, pé ìlù lásán lẹ lọ gbọ́, a jẹ́ pé ìrìn eré ni, àwọn onímọ̀ sì kórìíra dídín ìrun kù níbẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, mẹ́rin lẹ ó kí.

Ohun kan tún wà. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kì í mọ ìlú tó kàn títí olórin á fi kéde rẹ̀ láàárín òru. Ẹni tó ń rìn láìmọ ibi tó ń lọ kì í dín ìrun kù, kódà bí ìrìn náà bá mọ́, àfi bó bá ti mọ̀ ṣáájú pé òun yóò rin burudu mẹ́rin pé.

Ní ti pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń dín ìrun kù: bẹ́ẹ̀ ni. Ìrìn ogun, hajj àti umra ló lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan á tún mú ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀nà Maalik wá, wọ́n á ní, “Abu Haniifa gbà fún ẹlẹ́ṣẹ̀ kí ó dín in kù, Ibn Taymiyya náà gbà.” Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Abu Haniifa yìí kan náà ló ní dandan ni witri, ìrun tí a fi ń kádìí ìrun òru, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ló sì fi ṣe òṣùwọ̀n ìrìn-àjò. Ta ló ń kí witri nínú yín lẹ́yìn agbo? Kí ènìyàn máa ṣa ìrọ̀rùn ìmáàmù kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹran inú ọbẹ̀, fífi ẹ̀sìn ṣeré nìyẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin, tó wá yà sí agbo lálẹ́, onírìn-àjò ni, yóò dín ìrun kù. Ẹ̀ṣẹ̀ tó dá lọ́nà kò sọ ìrìn rẹ̀ di ìrìn ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ronú pìwà dà ní Ìlọrin tó kọrí sí Èkó: kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù ní kété tó bá ti kọjá ilé tó kẹ́yìn ní Ìlọrin, torí ọ̀nà tó kù ju burudu mẹ́rin lọ.

Ọmọ mi, Ìṣáì àti Àsùbáà yín ló ń dùn mí jù, ẹ kò sì bèèrè wọn. Àkókò tí Sharia yàn fún Ìṣáì parí ní ìdá kan nínú mẹ́ta òru, nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà yẹn títí di àfẹ̀mọ́júmọ́, ti àwọn tó ní àwáwí ni, bí ẹni tó sùn lọ tàbí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ kúrò nínú nǹkan oṣù. Ìlù kì í ṣe àwáwí. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé Ìṣáì dúró di aago méjì òru ti dẹ́ṣẹ̀, bí ìrun rẹ̀ tilẹ̀ dúró. Ẹ kí i kí ẹ tó kúrò níbi tí ẹ dé sí, kí ẹ sì yí aṣọ tí àwòrán olórin wà láyà rẹ̀ padà ná, torí a kórìíra kí a máa fi irú rẹ̀ kírun.

Ní ti Àsùbáà, agbo ń tú nígbà tí wọ́n ń pe ìrun. Ẹ ó kó sínú bọ́ọ̀sì, ẹ ó sùn, oòrùn á là bá yín lójú ọ̀nà, ẹ ó wá ní kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó sùn. Ẹni tí àkókò ìrun wọlé bá lójú ayé, tó mọ̀ pé bí òun bá sùn òun ò ní jí bá a, tí kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣọ́ ara rẹ̀, ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Kí gbogbo yín ṣe àlùwàlá, kí ẹ kírun kí awakọ̀ tó tanná sí mọ́tò.

Ẹ̀yin àfáà tí ẹ ń fi Fátíhà ṣí agbo, tí wọ́n ń náwó fún yín lórí pèpéle, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí rò pé ìrìn ẹ̀sìn ni wọ́n ń lọ. Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi títẹ̀lé olórin sílẹ̀. Àwọn ìrun tí ẹ ti kí ní méjì-méjì sẹ́yìn, ẹ kò ní tún wọn kí, lórí ọ̀rọ̀ tó tọ́ jù lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ wa. Àwọn Àsùbáà tó bọ́ ni kí ẹ san. Ẹ ṣírò wọn títí ọkàn yín yóò fi balẹ̀ pé ó pé, kí ẹ sì máa san ó kéré tán ti ọjọ́ méjì lójúmọ́, pẹ̀lú kíké kéú sókè, kódà bó jẹ́ ọ̀sán gangan lẹ ń san án.